Ṣọkọ Tó Wọ Aṣọ Ọ̀fọ̀

Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ewébẹ̀ ló di olórí ilé wa. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, bó ṣe rí ni mò ń sọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, kì í ṣe bóyá mo sùn dáadáa ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí, bóyá mo ti wo ewébẹ̀ ni. Bí mo bá wọlé ìwẹ̀, ẹnìkan á kan ilẹ̀kùn pé kí n má fi omi ṣòfò, pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn kan níta. "Àwọn kan" yẹn ni ṣọkọ.

Ilé wa wà ní Ashanti New Town, ní Kumasi nílẹ̀ Ghana, níbi tí àwọn ilé ti fún mọ́ra débi pé bí ẹnìkan bá sín nílé kejì, àwa la máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Ìyá bàbá mi gbé inú ẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, ó sì ń gbin ṣọkọ sí ilẹ̀ tóóró tó wà níwájú ilé, lẹ́bàá ọgbà tó kọjú sí títì. Nígbà tí ó darúgbó, ó ní ilé lòun fẹ́ kú sí. Ó di irúgbìn ṣọkọ mọ́ etí aṣọ, ó wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kú síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan bó ṣe wí. Obìnrin tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí nìkan ni kò gbé Kumasi rí nínú àwọn ọmọ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà nílé ni wọ́n fi í sí láti kékeré. Ìgbà tí ìyá ẹ̀ padà dé lọ́jọ́ ogbó ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó ti ara wọn, ìdí ṣọkọ yìí ni wọ́n sì máa ń jókòó sí. Lẹ́yìn tí ìyá kú, ọmọ ń gbìn ín lọ́dọọdún. Àfi ìgbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí ta ilẹ̀ ọ̀hún, tí ẹni tó rà á da kọnkéré lé gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí kó. Ó gbé ẹ̀kúnwọ́ náà wá bá wa, ó ní níbi tí ó ti wá ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lákọ̀tun, tí ó bá so, òun á bu tòun lọ sílé.

Èmi aláìmọ̀kan, mo ní, "Màmá, ṣebí ṣọkọ náà ni ṣọkọ. A lè ra irúgbìn ẹ̀ lọ́jà."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ ra ìyá míì.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ó gbìn ín, ṣùgbọ́n ṣọkọ náà hù, ó ga, ewé ẹ̀ fẹ̀, igi ẹ̀ pọ́n. Mo máa ń ta ohun èlò mọ́tò ní Suame Magazine, tí n bá sì ti ibẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, ebi tó máa ń pa mí kì í ṣe kékeré. Mo máa ń dúró wo ewé yẹn, n ó máa gbọ́ òórùn irú àti epo pupa nínú ọkàn mi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já a. Ó gbọ́dọ̀ yọ òdòdó, òdòdó gbọ́dọ̀ gbó, kí irúgbìn jáde. Torí náà a ní ewébẹ̀ níwájú ilé, a sì ń kọjá lára ẹ̀ lọ ra kontomire, ewé kókò tí àwọn Asante ń jẹ, lójoojúmọ́. Mo bínú títí mo fi rù.

Ìgbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni ọyẹ́ dé.

Ẹni tí kò bá mọ ọyẹ́ Kumasi á rò pé nǹkan kékeré ni. Ètè á bẹ́, ẹsẹ̀ á là, eruku á bo ìlú débi pé a ò ní rí orí òkè, òwúrọ̀ á sì tutù tí èèyàn ò ní fẹ́ fọwọ́ kan omi. Etí ewé ṣọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń ká kò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Kí oòrùn tó yọ, á ti bu omi, á fi ọwọ́ wọ́n ọn sórí ewé kọ̀ọ̀kan láti fọ eruku kúrò, ó ní ewé tí eruku bò kò lè mí. Ó kó koríko gbígbẹ sí ìdí wọn kí ọ̀rinrin má bàa sá. Ó ní a kì í bomi rin ewébẹ̀ lọ́sàn-án ọyẹ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni. Ó gún imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Àwọn kékeré tó hù lẹ́yìn, ó ń fi àfọ́kù ìkòkò dé wọn lálẹ́ bí ẹni ń dé adìyẹ. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún náà le ju imọ̀ ọ̀pẹ lọ, omi ẹ̀rọ ò sì yọ dáadáa.

Ó ní kí n wá nǹkan bò wọ́n. Èmi náà fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí irúgbìn tètè jáde, kí n lè tètè jẹ ewé. Mo gbé gíláàsì iwájú takisí kan bọ̀ láti Magazine, mo fi dábùú wọn lókè. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Nígbà tó máa di ọ̀sán, oòrùn ti gba inú gíláàsì kọjá, àwọn igi méjì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀ sínú omi gbígbóná.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó tì wọ́n. Ó ní, "Mo ní kí o bò ó. Mi ò ní kí o sè é."

Mo gbé gíláàsì mi padà lọ sí Magazine.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wá dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kánádà ló wà. Mo ti sọ fún un lórí wásáàpù, mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé ṣọkọ ń ṣàìsàn òtútù. Ó fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ìrì máa ń dì bíi yìnyín lórí ewébẹ̀, tó bá sì di àárọ̀, gbogbo ẹ̀ á ti dúdú. Ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń ṣe ni pé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á fi aṣọ tó nípọn bo ewébẹ̀ títí dé ilẹ̀, kí ooru ilẹ̀ má bàa sá lọ, tí oòrùn bá yọ, wọ́n á ká a kúrò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n tún un gbọ́. Mo tún un. Ó ní kí n tún un.

Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé ibi tí omi ti ń di òkúta? Gbé aṣọ wá."

Mo ní ọyẹ́ kì í ṣe yìnyín. Ó ní tí aṣọ bá lè gbà wọ́n lọ́wọ́ yìnyín, ọyẹ́ ńkọ́?

Ìyá mi ò sí nílé. Àlùbọ́sà ló ń tà lọ́jà Race Course, ó sì ti lọ sí Techiman láti lọ ra ọjà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ yàrá ìyá mi, ó ṣí àpótí, ó sì rí ohun tó ń wá. Kumasi ni wọ́n bí ìyá mi sí, ó dàgbà sí Kumasi, kò sì sí Sátidé tí àwọn obìnrin Race Course kì í lọ síbi òkú ẹnìkan. Àpótí ẹ̀ kún fún aṣọ ọ̀fọ̀ àwọn Asante, dúdú àti pupa, gbogbo ẹ̀ nípọn, gbogbo ẹ̀ fẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fọwọ́ wọ́ ọ, inú ẹ̀ dùn. Ó ní dúdú ló máa ń mú ooru pamọ́ jù, pé ìyẹn ni kí a fi bo ṣọkọ, kí a wá ta pupa sára ọgbà láti dá atẹ́gùn dúró.

Mo ní, "Màmá, a kì í ta aṣọ dúdú àti pupa síta báyìí nílùú yìí."

"Kí ló fà á?"

"Aṣọ òkú ni."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ó dáa nígbà yẹn. Di ìdí ìyẹn dáadáa kí atẹ́gùn má gbé e lọ."

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òtútù pa ìyá òun tún un pa ni. Mo di ìdí ẹ̀ dáadáa. A ri ọ̀pá sáàárín àwọn ṣọkọ, a da aṣọ dúdú bò wọ́n látorí délẹ̀, ó sì ku fírí kí wọ́n dáhùn tí èèyàn bá kí wọn. Láti títì, nínú eruku ọyẹ́, àfi bí àwọn opó tó jókòó tẹ̀lé ara wọn. Mo rí i, mo sì mọ ohun tí mo rí. Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo lọ sùn.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé, ó sì burú pé Sátidé ni. Ohùn àwọn obìnrin ló jí mi. "Due, due," ni wọ́n ń wí, bí àwọn Asante ṣe máa ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìyá àgbà Asante tó wà nílé kejì, tí gbogbo wa ń pè ní Nana, ló jókòó síwájú ilé wa nínú aṣọ dúdú, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń na kánópì láti etí ọgbà wá dé ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn kan ti kó omi inú ọ̀rá wá, àpò lórí àpò. Ẹnikẹ́ni ò tíì kanlẹ̀kùn. Wọ́n rí aṣọ, wọ́n ṣe ohun tó yẹ.

Nana ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí ojú ẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Bí wọ́n bá débi òkú ní Kumasi, wọ́n á kọ́kọ́ lọ bọ àwọn tí wọ́n ti jókòó lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ń bọ ṣọkọ lọ́wọ́. Ó máa tẹ̀ síwájú aṣọ dúdú kan, á ní "Due," á na ọwọ́, á dúró díẹ̀, tí kò bá rẹ́ni gbà á, á mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́, á bọ́ sọ́dọ̀ èkejì. Ó dé ìkẹta kí wọ́n tó fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún wọn ní Twi pé ọ̀fọ̀ yìí wọ àwọn èèyàn yẹn lára gan-an, wọn ò lè gbé ọwọ́.

Àṣà ibẹ̀ ni pé omi la máa kọ́kọ́ fún àlejò kí á tó bi í ní ohun tó gbé e wá. Mo sáré gbé omi jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà jáde, tèsùbáà lọ́wọ́, ó sì wo àtẹ tí mo gbé.

Ó ní, "Omi ṣọkọ nìyẹn."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Nana mu omi, ó nu ẹnu, ó wò mí. "Me ba," ìyẹn ni pé ọmọ mi, "hwan na wawuo?"

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Wọ́n ní ta ló kú."

Mo ti ń to bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n lọ́kàn mi. Mo ti rí i bí gbogbo àdúgbò yóò ṣe máa nawọ́ sí mi títí mo fi máa darúgbó, pé ẹni tó pe èèyàn síbi òkú ewébẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo àwọn obìnrin náà. Ó wo kánópì.

"Sọ fún wọn pé ìyá mi ni."

"Màmá, ìyá yín ti kú tipẹ́."

"Ṣé wọ́n bi ọ́ ní ìgbà tó kú ni? Sọ bí mo ṣe sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Nana fi ọ̀pá ẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí pé ìyá wo, ṣé èyí tó máa ń na ewé sí òun lórí ògiri ni? Mo ní òun ni. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Lẹ́yìn náà ló wá bínú, ó sì bínú dáadáa. Ó ní a gbé obìnrin yẹn kúrò láàárín àwọn, a ní ó ń lọ sinmi nílé, ó kú, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ṣì ń retí ẹ̀. Lọ́dọọdún ni òun ń sọ pé bóyá ọdún yìí ni yóò wá kí wọn. Ó ní àwọn ò jókòó fún un, àwọn ò wọ aṣọ fún un, irú ìwà wo nìyẹn. Ó wá bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò gbọ́ Twi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ẹkún fún un. Òun náà bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún mi, kí n máa sọ fún Nana, pé ọjọ́ tí ìyá òun kú, òun wà lọ́jà ìlú kejì. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í fi òkú pamọ́. Kí òun tó dé, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣàdúà, oníkálukú ti lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó ti òun. Ìdí ṣọkọ ni òun lọ jókòó sí. Mò ń túmọ̀, àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Gbogbo ìgbà tí mò ń bínú nítorí ewé ọbẹ̀, mi ò mọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi ti Techiman dé.

Ẹ rò ó wò: obìnrin sọ̀kalẹ̀ nínú takisí, ó rí kánópì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó rí pupa lára ọgbà, ó rí èèyàn nínú dúdú, èèyàn méjì péré ló sì fi sílẹ̀ nílé. Ó ju báàgì àlùbọ́sà sílẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, ó ké orúkọ mi. Mo sáré jáde tèmi ti àtẹ omi. Ó rí mi, ó dìde, ó wá ké orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyẹn dáhùn láti ìsàlẹ̀ kánópì.

Ìyá mi dúró. "Ẹ̀yin méjèèjì wà láyé? Hwan na wawuo nígbà náà?"

Mo ní, "Ìyá bàbá mi."

"Ṣebí wọ́n ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọ́n ti kú."

Ó wo ojú Nana, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, ó sì rí i pé ẹkún gidi ni. Ìyá mi kì í débi òkú kó máa bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó nu eruku aṣọ ẹ̀, ó ní òun ń lọ wọ dúdú. Ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Aṣọ mi dà?"

Nana ló na ọ̀pá ẹ̀ sí ọgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde, ó lọ ká aṣọ dúdú kan kúrò lórí ṣọkọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi lé ìyá mi léjìká. Gbogbo èèyàn wá rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ewé ẹ̀ tutù, ó nà, òdòdó ẹ̀ pọ́n. Nana ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú ẹ̀. Bàbá tí ojú ẹ̀ kò ríran béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ fún un ẹni tí ó ti ń bọ̀ lọ́wọ́, ó ní òun mọ̀, ọwọ́ wọn ló tutù jù.

Wọ́n jókòó fún ìyá wa títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin Race Course gbọ́, wọ́n wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣàdúà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ṣe àmín, wọ́n kọrin, òun náà mi orí sí i. Nígbà tí wọ́n ń lọ, omi inú ọ̀rá ṣì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Ó kó gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, láràárọ̀ ló sì ń já ọ̀rá sórí ṣọkọ. Àwọn ọmọ Nana ò wá tú kánópì, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń gba oòrùn ọ̀sán àti eruku títí ọyẹ́ fi lọ. Òdòdó gbó, irúgbìn jáde, dúdú tó ń dán. Ní Kumasi, ẹni tí wọ́n bá bá ṣòkú gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń fi ìka bu irúgbìn sínú ọwọ́ wọn, ó sì ń ní kí n kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já a kó tó so. Lẹ́yìn náà ló di tiẹ̀ mọ́ etí aṣọ, ó sì lọ sílé.

Ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ni ó tó pè mí. Ó ti ń fi í pa mọ́ fún wa látìgbà òjò. Ewúrẹ́ wọ inú ọgbà ẹ̀, wọ́n jẹ gbogbo ẹ̀ tigitigi. Ó ní kí n má dààmú, pé òun kàn fẹ́ kí n gbọ́ ni. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Tiwa níwájú ilé ti kú lọ́wọ́ mi, lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ́ńjìnnì kan lé e.

Mo mú fóònù lọ sídìí ògiri Nana, mo yọjú. Gbogbo ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ẹ̀ kún fún nǹkan tó wọ aṣọ dúdú. Pupa wà lára ọgbà. Nana jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti já nínú ẹ̀ rí. Ó bínú sí mi. Ó ní ta ló máa ń jẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ó wà. Ó pọ̀. Nana ló ní in."

Ó ní, "Ọyẹ́ ti dé o. Ṣé ó rántí bò ó?"

"Ó bò ó."

"Aṣọ wo?"

"Aṣọ tí ẹ fi kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ní kí n kí ìyá òun fún òun. Mo kí i. Nígbà tí ó so, Nana di irúgbìn sínú àkísà dúdú kan, mo sì fi rán ẹni tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Títí di òní, mi ò tíì fi ẹnu kan ṣọkọ yẹn.